Ojú Mi Nìkan Ni Mo Rí Lára Bébà Náà

Orúkọ ogójì èèyàn ni mo fi ọwọ́ ọ̀tún mi yìí kọ sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kíláàsì wa jẹ́ mọ́kànlélógójì. Ẹnì kan tó kù yẹn, mi ò bá a jà, kò ṣẹ̀ mí, mi ò sì kórìíra rẹ̀. Mi ò kàn rántí pé ó wà ni.

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ n rò ó tán ná.

Mujeebat lorúkọ mi. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ mi, ṣùgbọ́n yàrá tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi Fáìzàh jọ gbà wà ní Agbowó. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera là ń kọ́: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fáìlì aláìsàn ní ọsibítù, kí wọ́n má baà lọ fún Ràṣídì ní abẹ́rẹ́ Ràṣídátù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o. Òun ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Suhail, ló kọ́kọ́ tanná ràn mí. Lọ́jọ́ tó ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Bodija, ó gbé táì rẹ̀ kọ́rùn wá sílé wa ní Akobo, kò tíì jókòó tó fi ń sọ̀rọ̀.

"Mujeebat, wọn ò tiẹ̀ wo máàkì mi. Wọ́n ní, 'Kí lo ti darí rí?' Ọpẹ́lọpẹ́ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí mo ṣe alága rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ẹnu mi ì bá wọhò níwájú wọn. Ìwọ náà, wá ipò kan dì mú kó o tó jáde. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣíwájú."

Nínú gbogbo ohun tó sọ, "ipò" nìkan ló wọ̀ mí létí. Ọ̀rọ̀ "kọ́" kò wọ̀ mí létí rárá.

Bí mo ṣe di aṣojú kíláàsì nìyẹn lọ́dún kejì. Mo ṣe é lọ́dún kẹta. Nígbà tá a fi dé ọdún tá a máa jáde, mo ti ń du ipò ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa. Fáìzàh ni igbákejì mi nínú iṣẹ́ aṣojú kíláàsì, àmọ́ orúkọ lásán ni. Mi ò jẹ́ kó ṣe nǹkan kan.

"Jẹ́ n máa bá ẹ tọ́jú fáìlì àtẹ́ńdáǹsì yìí," ló máa ń wí. "Ẹrù ẹ ti pọ̀ jù."

"Rárá o. Iṣẹ́ mi ni."

Mo rò pé bí aṣíwájú ṣe ń ṣe nìyẹn. Kó máa sáré sókè sódò, kí fóònù rẹ̀ máa dún, kí gbogbo ayé rí i pé kò ráyè.

Àtẹ́ńdáǹsì yìí ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Olùkọ́ wa kan wà, Dókítà Ọláṣùmbọ̀, obìnrin tí kì í fi ìwé ṣeré. Bí kíláàsì wọn bá ti ń lọ lọ́wọ́, bébà kan á máa yí ká, oníkálukú á kọ orúkọ, á buwọ́ lù ú, èmi á sì gbà á sínú fáìlì onínáílọ́ọ̀nù mi. Kíláàsì méjìlá la ṣe ní táàmù yẹn. Ẹni tí bébà bá fi hàn pé kò wá tó ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án kò ní kọ ìdánwò, ẹni tí kò bá sì kọ ìdánwò yẹn á dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò ti ṣú, mo sáré wọ ṣọ́ọ̀bù Sàídì tó ń ṣe fọtokọ́pì ní Agbowó láti tẹ pósítà ìbò mi. Àwòrán mi wà níbẹ̀, hijab aláwọ̀ ewé ni mo wé, ẹ̀rín kún ẹnu mi. Ohun tí mo ní kí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ rèé: MUJEEBAT, Ó MỌ̀ YÍN LỌ́KỌ̀Ọ̀KAN.

Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, torí Abdulmojeed tá a jọ ń du ipò ti lẹ pósítà tirẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri. Mo tú àwọn ìwé inú fáìlì mi síta láti wá fíláàṣì tí àwòrán mi wà nínú rẹ̀. Mo gbé ìdajì wọn lé orí páálí kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹtà, mi ò wo ohun tó wà nínú páálí náà. Ajẹkù bébà ni.

"Àǹtí," ni Sàídì wí, "kí n má baà fi bébà tuntun ṣòfò, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi ajẹkù dán an wò. Ṣé n lè lo àwọn tó wà lórí páálí yìí?"

Mò ń dá ẹnì kan lóhùn lórí Wásáàpù. Mi ò gbójú sókè.

"Ẹ lo èyí tó bá wù yín. Ẹ ṣáà yára."

Ẹ̀rọ náà ké, ó pọ àwòrán mi jáde. Mo ní ó dúdú jù. Sàídì tún un ṣe, ó fa bébà mìíràn. Mo ní àwọ̀ hijab mi ò jáde dáadáa. Ó tún fa òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ la dán an wò. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sókè sí iná, mo rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò rí i báyìí! Òun gan-an nù un."

Ojú mi nìkan ni mo rí lára bébà náà. Mi ò yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo dá a padà fún Sàídì, ó jù ú sínú páálí, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ pósítà gidi.

Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo ṣí fáìlì mi pé kí n to àtẹ́ńdáǹsì tí mo máa fún Mà lọ́jọ́ Ẹtì. Mẹ́rin ni mo rí. Mo tú báàgì. Mo tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọn àwọn ìwé mi yẹ̀bùyẹ̀bù. Mẹ́rin náà ni.

"Kí lo ń wá?" ni Fáìzàh bi mí.

Mo sọ fún un.

"Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ Sàídì lo gbàgbé wọn sí? Jẹ́ ká lọ bi í."

"Sàídì tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́? Kí Abdulmojeed gbọ́ lọ́la pé ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ àwọn tó ń tọ́jú ìwé ti sọ ìwé nù? Inú kẹ̀kẹ́ ló ti ní láti já bọ́."

"Ó dáa. Lọ sọ fún Mà nígbà náà. Kí ni wọ́n máa fi ẹ́ ṣe? Wọ́n á pariwo, wọ́n á ní ká wá buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó parí."

"Màá sọ."

Mo sì fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Mà, mo gbé ọwọ́ sókè láti kanlẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn wọn nínú ilé, wọ́n ń bá olùkọ́ kan sọ̀rọ̀.

"Mujeebat? Ọmọ yẹn kì í sọ nǹkan nù. Ká ní mo rí irú rẹ̀ márùn-ún nínú ẹ̀ka yìí, ọkàn mi ì bá balẹ̀."

Ọwọ́ tí mo gbé sókè, mo rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tán tó máa tún wọlé lọ wí pé mo ti sọ ọ́ nù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè ṣe é, ẹ kú oríire. Èmi ò lè ṣe é.

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, fóònù mi dún. Fáìzàh ló kọ̀wé sí mi: "Ṣé o ti sọ fún Mà?"

Mo fèsì: "Mo ti sọ. Wọ́n ní kò sí wàhálà."

Mo ra bíírò mẹ́rin, dúdú méjì, búlúù méjì. Mo wọ kíláàsì kan tó ṣófo, mo ti ilẹ̀kùn. Mi ò ní orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì lórí, ọ́fíìsì ni ìwé orúkọ sì wà, bí mo bá sì lọ béèrè rẹ̀ wọ́n á bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ìkọ̀wé inú bébà mẹ́rin tó kù rí wúruwùru, mi ò ní sùúrù láti kà á. Mo bá ṣí gúrúùpù Wásáàpù kíláàsì wa, mo ń da orúkọ ibẹ̀ kọ sórí bébà mẹ́jọ tuntun. Mo tẹ ọwọ́ sápá ọ̀tún, mo tẹ̀ ẹ́ sápá òsì, mo ń yí ìkọ̀wé padà. Mo yọ ẹni méjì níbí, mo yọ ẹni mẹ́ta lọ́hùn-ún, kó lè jọ òótọ́, àmọ́ mo rí i dájú pé wíwá gbogbo wọn pé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án.

Ogójì èèyàn ló wà lórí Wásáàpù. Mi ò kà wọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mà gba fáìlì náà. Wọ́n tiẹ̀ gbá mi léjìká jẹ́jẹ́. "O ṣeun, ọmọ dáadáa."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí kò ní kọ ìdánwò mọ́ pátákó. Ẹyọ orúkọ kan ni: Àkànó Luke.

"Ta ní ń jẹ́ Luke?" ni mo bi Fáìzàh.

Fáìzàh wò mí bíi pé mo ń ṣeré. "Bọ̀dá Challenge nù un! Àwọn tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá fèrèsé. Ṣé àwọn kọ́ ló máa ń ti Challenge dé ṣáájú àwa tá a wà ní Agbowó níbí ni?"

 Ojú wọn sọ sí mi lọ́kàn: ọkùnrin tó dàgbà jù wá lọ, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lè gba Wásáàpù.

"Ṣé Mà ò wá ní kí gbogbo wa tún buwọ́ lù ú ni?" ni Fáìzàh tún bi mí.

"Wọ́n ní èyí tó kù ti tó."

Irọ́ kejì kì í ṣòro bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ̀mí èèyàn ló ń le.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Bọ̀dá Luke bá mi lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ẹ̀ka wa. Ó fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, èmi tí mo lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ kẹta.

"Class rep, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú o. Mo rí orúkọ mi lára pátákó. Mo rò pé àṣìṣe ni."

"Ohun tí ẹ̀yin kọ ni mo kó fún Mà, sà. Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Mi ò ní ẹ̀yin lẹ ṣe é. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ máa ń rí mi ni." Ó ṣí ìwé rẹ̀. Déètì wà lókè gbogbo ojú ìwé, kíláàsì méjìlá, kò fo ọ̀kan. "Ẹ máa ń rí mi, àbí?"

Abdulmojeed àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ. Mo gbé ohùn sókè díẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ pé mo jẹ́ olóòótọ́.

"Mi ò lè jẹ́rìí irọ́, Bọ̀dá mi."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Èmi yìí.

 Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

"Oṣù mẹ́rin sí i ni mo máa pé ọgbọ̀n ọdún," ló wí. "Bí mi ò bá jáde lọ́dún yìí, mo ti lé lọ́gbọ̀n nìyẹn, wọn ò ní gbà mí ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́. Ìyá mi ti ra bàtà àgùnbánirọ̀ fún mi ní Dugbe láti ìgbà tí mo ti wọlé ọdún kìíní. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ló wà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń gbé e jáde nù." Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Kò burú. Màá ṣe fọtokọ́pì nóòtù mi, màá kó o lọ fún Mà. Bóyá wọ́n á ṣàánú mi."

Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta. Mánífẹ́sítò wa, níbi tí àwọn tó ń du ipò á ti bá gbogbo ẹ̀ka sọ̀rọ̀, ku ọjọ́ méjì.

Mi ò lè ṣàlàyé bí ọjọ́ méjì yẹn ṣe rí fún yín. Mi ò lè jókòó. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Agbowó dé Bodija, mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ rà níbẹ̀, mo tún fẹsẹ̀ rìn padà. Mo fọ hijab kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣe àlùwàlá, mo dé orí ẹní, mo rò pé mi ò tíì ṣe é, mo tún padà lọ ṣe é. Ẹnu mi kò gba oúnjẹ. Bí ẹnì kan bá pe orúkọ mi lẹ́yìn, màá yára kọjá bíi pé mi ò gbọ́.

Ohun tó wá burú jù ni pósítà yẹn. Gbogbo ògiri tí mo bá yà sí, èmi ni mò ń rẹ́rìn-ín sí ara mi. Ó mọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún dé ẹnu ọ̀nà Mà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́ẹ̀kìíní, wọn ò sí níbẹ̀, inú mi sì dùn. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Mujeebat, ṣé kò sí o?" Mo ní, "Rárá Mà, mo ní kí n kí yín ni." Mo bá kúrò.

Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá ti wọlé ìbò tán, màá lo ipò mi láti bá Bọ̀dá Luke bẹ̀bẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Mo fẹ́ fi ipò tí mo tìtorí rẹ̀ ṣìkà tún ìkà náà ṣe.

Ọjọ́rú dé. Gbọ̀ngàn kún. Dókítà Ọláṣùmbọ̀ jókòó níwájú, torí àwọn ni alábòójútó ẹgbẹ́ wa. Fáìzàh wà ní ìlà kejì, ó gbé pósítà mi sókè, ó ń fì í bí àsíá. Abdulmojeed sọ tirẹ̀ tán, wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Ó kàn mí.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹlòmíràn máa wá síbí wá ṣèlérí. Èmi ò ṣèlérí. Mo mọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan!"

Pàtẹ́wọ́ bolẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí, tí Bọ̀dá Luke wọlé. Òjò ti pa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó di nǹkan kan mú mọ́ àyà kí omi má kàn án. Mo retí pé ó máa jókòó sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ kò jókòó. Ó ń bọ̀ níwájú. Láti ọdún tá a ti jọ wà, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo rí i kó wá síwájú.

Ó tẹ̀ ba fún Mà. "Ẹ má bínú, Mà. Mi ò fẹ́ da ìpàdé rú. Fọtokọ́pì ni mo lọ ṣe. Nígbà tí òjò dé, onífọtokọ́pì fi ajẹkù bébà wé nóòtù mi. Mo ní kẹ́ ẹ bá mi wò ó."

Mà gba bébà náà. Mo rí ojú mi lára wọn láti ibi tí mo dúró sí, mẹ́jọ, àwọn kan dúdú, àwọn kan ṣá. Mò ń sọ̀rọ̀ lọ ní tèmi. Ẹnu mi ń ṣiṣẹ́, mi ò mọ ohun tó ń sọ.

"Pósítà ẹ̀ rèé," ni Mà wí, ẹ̀rín ṣì wà lójú wọn.

Wọ́n wá yí i padà.

Wọ́n yí èkejì padà. Wọ́n yí ẹ̀kẹta padà. Ẹ̀rín náà tán lójú wọn díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni èmi náà tó mọ ibi tí bébà mẹ́jọ mi wà, àti ẹni tó ní kí Sàídì lò wọ́n.

"Mujeebat, sọ̀ kalẹ̀ wá."

Mo sọ̀ kalẹ̀. 

"Àtẹ́ńdáǹsì kíláàsì mi rèé, gbogbo yín ló buwọ́ lù ú. Àkànó Luke rèé, Àkànó Luke rèé, òun náà tún rèé. Èwo wá lèyí tó o kó fún mi lọ́jọ́ Ẹtì?"



Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, débi pé èmi àti àwọn tó wà níwájú nìkan ló gbọ́ ọ. "Ọmọ mi, gbogbo èèyàn ló ń sọ nǹkan nù. Èmi náà ti sọ nǹkan nù rí. Sọ òótọ́ níbi tó o dúró sí yìí, apá wa ṣì máa ká a."

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún mi gbayawu. Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí mo ṣe nìyí. Mo na ìka sí ìlà kejì.

"Fáìzàh ni, Mà. Òun ló ń tọ́jú fáìlì."

Fáìzàh ṣì gbé pósítà mi sókè. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó tún ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ó gbé e sórí àga, ó dìde. Omi wà lójú rẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Mà, ẹ jẹ́ n ka nǹkan kan nínú fóònù mi. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo kọ ọ́ sí i pé, 'Ṣé o ti sọ fún Mà?' Ó fèsì pé, 'Mo ti sọ. Wọ́n ní kò sí wàhálà.'" Ó gbé ojú sókè. "Ṣé ó sọ fún yín, Mà?"

"Pé ó sọ kí ni?"

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Ó mọ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan o!" Ni gbọ̀ngàn bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lu tábìlì, wọ́n fi orúkọ mi kọrin. Abdulmojeed nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mà yíjú sí Bọ̀dá Luke. "Lọ kàwé. Wàá kọ ìdánwò lọ́la."

Ó kọ ọ́. Èmi náà kọ tèmi, àmọ́ kò wúlò. Ìgbìmọ̀ ìbáwí ní kí n lọ jókòó sílé fún ọdún kan, kí n sì wá tún kíláàsì Mà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Fáìzàh ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí n tó padà dé yàrá lọ́jọ́ yẹn. Ó fi ìkòkò ìrẹsì tá a jọ rà sílẹ̀ fún mi.

Ìyá mi ò lù mí, wọn ò ṣépè. Wọ́n kàn ń bi mí ní gbogbo ìgbà ṣáá, bí ẹni tí ìṣirò ò yé. "Mujeebat, bébà mẹ́jọ lo sọ nù. Ṣé bébà mẹ́jọ náà ló wá di ọdún kan?"

Bọ̀dá Suhail ò sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Nígbà tí wọ́n bi mí pé kí ni mo ti darí rí, wọ́n tún bi mí pé èwo ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, kí ni mo sì ṣe. Èyí tí mo gbàgbé láti sọ fún ẹ nìyẹn."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo wọ mọ́tò, mo kọjá Ring Road lọ sí Challenge. Mo béèrè ilé àwọn Àkànó kiri títí wọ́n fi mú mi dé ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Bọ̀dá Luke wà níbẹ̀, epo kún ọwọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sunkún tí mo gbé bọ̀ láti Akobo.

Ó ní kí n dìde, ó nu àpótí kan fún mi pé kí n jókòó.

"Mo ti dárí jì yín láti ọjọ́ yẹn. Mo yege, mò ń retí ìwé ìpè." Ó tún tẹ̀ sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń de nọ́ọ̀tù kan. "Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè gbé mì, class rep. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọsibítù Jericho ni fáìlì wọn wà. Ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ sọ fáìlì náà nù, ṣé oògùn tẹ́ ẹ bá rántí lẹ máa kọ síbẹ̀?"

  Títí dòní, mi ò tíì rí èsì ìbéèrè yẹn.

Mo ti rò ó títí lọ́dún tí mo fi jókòó sílé. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ du ipò. Mi ò ní kẹ́ ẹ má du ú. Ẹ ṣe aṣojú kíláàsì, ẹ ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ ṣe olórí yàrá. Níbi tí àṣìṣe yín ò tíì lè pa èèyàn ni kẹ́ ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń la ẹnu wí pé, "Èmi ni mo sọ ọ́ nù." Gbólóhùn yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu ẹni tí kò bá kọ́ ọ. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí igbákejì yín gbé fáìlì.

Fáìzàh ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kì í gbé ìpè mi. Mi ò bá a wí.

Lóṣù tó kọjá, mo padà sí kíláàsì Dókítà Ọláṣùmbọ̀. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Wọn ò tíì fi mí sí gúrúùpù Wásáàpù wọn. Mo lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé, mo sì rí i pé ibẹ̀ jìnnà. Orí àwọn èèyàn nìkan lèèyàn ń rí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rí tẹni.

Bébà yí ká. Ó dé ìlà tó wà níwájú mi, ẹni tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ buwọ́ lù ú, ó sì dá a padà síwájú. Mi ò pè é padà. Mo wí nínú ọkàn mi pé ó tọ́ sí mi.

Aṣojú kíláàsì wọn, ọmọdébìnrin kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Olúwafikúnayọ̀mi, gba bébà náà. Kò kó o sínú fáìlì. Ó dìde dúró, ó fi ìka ka orúkọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó ń ka orí wa, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, títí ojú rẹ̀ fi dé fèrèsé. Ó rìn wá bá mi, ó gbé bébà náà síwájú mi, ó ṣí bíírò rẹ̀ fún mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ẹ̀yin."